Ray Guy: Agbásókè Tí Ó Sọ Iṣẹ́ Tí A Kò Kà Sí Di Iṣẹ́ Iyì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí léèrè bóyá a lè fi èdè wa sọ ìtàn ohun tí kì í ṣe tiwa, láìjẹ́ pé a ń yá ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ó ṣeé ṣe, bí a bá kọ́kọ́ lóye iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìtàn ọmọ Amẹ́ríkà kan wá, William Ray Guy, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ray Guy. Ọdún 14 ni ọkùnrin yìí fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹun nídìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí ó ṣe sì jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ òǹwòran máa ń fi àkókò rẹ̀ dìde lọ ra ìpanu.

Kí ni iṣẹ́ agbásókè?

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí àwa mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi gbé e sáré tàbí jù ú. Bọ́ọ̀lù náà gùn, orí rẹ̀ méjèèjì sì rí ṣóńṣó. Ènìyàn 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá. Láti ìlà góòlù kan sí èkejì jẹ́ ọ̀pá 100. Ọ̀pá tí mo ń wí yìí ni yáàdì tí àwọn aláṣọ wa fi ń wọn aṣọ. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi sún síwájú ní ọ̀pá 10. Bí wọ́n bá lè sún tó bẹ́ẹ̀, wọn yóò tún gba ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Bí wọn kò bá lè sún tó bẹ́ẹ̀, alátakò yóò gba bọ́ọ̀lù níbi tí ó dé gan-an.

Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀mẹta bá lọ lásán, wọ́n sábà máa ń pe ọkùnrin kan wọlé. A ó ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún un ní nǹkan bí ọ̀pá 15. Òun náà yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ọwọ́, yóò sì gbá a kí ó tó kanlẹ̀, kí àwọn alátakò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó jìnnà. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní punt nìyí. Nínú àròkọ yìí, ìgbásókè ni èmi yóò máa pè é, agbásókè sì ni ẹni tí ó ń ṣe é. Ẹ fi etí sí "òkè" tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà.

Láti Georgia dé Oakland

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1949 ni a bí Ray Guy ní ìlú Swainsboro, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ìlú Thomson, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ni ó dàgbà sí. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Yunifásítì Southern Mississippi ní ìlú Hattiesburg. Kì í ṣe ìgbásókè nìkan ni ó ń ṣe níbẹ̀. Ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ìgbà 18 ni ó sì já bọ́ọ̀lù gbà nígbà tí àwọn alátakò jù ú. Ní ọdún 1972, nígbà tí wọ́n pàdé Yunifásítì Mississippi, ó gbá bọ́ọ̀lù kan tí ó lọ ní ọ̀pá 93. Ní ọdún kan náà, nínú yìnyín tí ó ń rọ̀, ó gbá góòlù wọlé láti ọ̀pá 61 nígbà tí wọ́n ń bá Utah State jà. Ẹgbẹ́ Cincinnati Reds pàápàá yàn án fún baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù.

Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbé ìgbásókè lé ẹni tí ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ni. Sammy Baugh, ọ̀kan nínú àwọn akọni àtijọ́, ni àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù. Ìpíndọ́gba ìgbásókè rẹ̀ ní ọdún 1940 jẹ́ ọ̀pá 51.4, síbẹ̀ jíju bọ́ọ̀lù ni a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ. Ẹ ó rí ìdí tí ẹnu fi ya àwọn ènìyàn ní ọdún 1973. Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ Oakland Raiders, tí Al Davis jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tí John Madden sì jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, lo ẹ̀tọ́ wọn ní ìpele àkọ́kọ́ láti yan Ray Guy. Òun ni ẹni 23 tí a yàn láàárín gbogbo àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ọdún náà. Kò sí agbásókè kankan tí a tíì yàn ní ìpele àkọ́kọ́ rí.

Ohun tí ìwé òǹkà kò rí

Iye ọ̀pá tí bọ́ọ̀lù lọ ni ìwé òǹkà máa ń kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní agbásókè kan gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀pá 50, tí bọ́ọ̀lù náà sì fò nílẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó mú un yóò ráyè sáré padà, bóyá ní ọ̀pá 15. Èrè tí ó kù jẹ́ ọ̀pá 35. Ká ní ẹlòmíràn gbá tirẹ̀ ní ọ̀pá 42 péré, ṣùgbọ́n tí ó ga débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré dé ìdí alátakò kí bọ́ọ̀lù tó bọ́. Kò sí ibi tí onítọ̀hún yóò sá gbà. Ọ̀pá 42 náà pé pérépéré. Nínú ìwé, ẹni àkọ́kọ́ ni ó mọ̀ ọ́n gbá jù. Lórí pápá, ẹni kejì ni.

Ẹni kejì yìí ni Ray Guy jẹ́. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn púpọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá tí bọ́ọ̀lù fi wà lófuurufú. Nínú eré àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù tí ó wáyé ní Superdome, New Orleans, ní ọdún 1976, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ga títí tí ó fi lọ gbá ẹ̀rọ àwòrán ńlá tí a so rọ̀ lókè pápá. Ní ọdún 1977, ẹgbẹ́ Houston Oilers fura pé afẹ́fẹ́ helium ni a rọ sínú bọ́ọ̀lù tí ó ń gbá, wọ́n sì ní àwọn yóò gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ìgbà mẹ́ta ni ó bá Raiders gba ife Super Bowl. Nínú ti àkọ́kọ́, ní oṣù Kìíní ọdún 1977, Fred McNeill ti ẹgbẹ́ Minnesota Vikings dí ìgbásókè rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ìgbà tí ó ti di òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó kù díẹ̀ kí Vikings jẹ góòlù, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn, Raiders sì borí pẹ̀lú 32 sí 14. Nínú ti ìkẹta, ní oṣù Kìíní ọdún 1984, a ju bọ́ọ̀lù sí i ju orí rẹ̀ lọ. Ó fò sókè, ó fi ọwọ́ kan já a gbà, ó sì gbá a lọ.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà ọdún 1986, ó ti kópa nínú eré 207 láìpa ọ̀kan jẹ. Ìgbásókè rẹ̀ nínú líìgì jẹ́ 1,049, mẹ́ta péré ni wọ́n sì dí nínú wọn. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá 42.4.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba

Ìpíndọ́gba yẹn gan-an ni ó fa ìjà. Ní ìlú Canton, ní Ohio, ni gbọ̀ngàn Pro Football Hall of Fame wà, níbi tí a ti ń dá àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù lọ́lá. Ní ọdún 1991, Jan Stenerud, ọmọ Norway tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbá bọ́ọ̀lù sí góòlù nìkan, wọ ibẹ̀. Ní ọdún 1992, orúkọ Ray Guy dé ìpele ìkẹyìn, ṣùgbọ́n wọn kò mú un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni orúkọ náà tún padà lọ tí ó sì ń já. Àwọn kan ní ọ̀pá 42.4 kò ga ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ń bi ara wọn léèrè bóyá agbásókè jẹ́ agbábọ́ọ̀lù rárá.

Ní àkókò yìí kan náà ni ayé le mọ́ ọn. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì fi òrùka Super Bowl rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe gbàǹjo ní ọdún 2011. Iye tí a rà wọ́n lé ní dọ́là 96,000. Kí ẹ tó sọ pé ó ta ògo rẹ̀, ẹ rántí pé ẹni tí a kò tíì fún ní àyè nílé ọlá ni ó ń ta ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni ilẹ̀kùn ṣí. Ray Guy di agbásókè àkọ́kọ́ tí ó wọ gbọ̀ngàn náà nítorí ìgbásókè nìkan. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ lọ́jọ́ náà, ó ní ẹgbẹ́ tí ó wà ní Canton ti wá pé wàyí. Láti ọdún 2000 ni wọ́n sì ti ń fi àmì ẹ̀yẹ kan tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dá agbásókè tí ó dára jù ní àwọn yunifásítì lọ́lá. Ó di olóògbé ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ní ẹni ọdún 72.

Èmi kò rò pé àwọn tí wọ́n dá a dúró fún ọdún 22 jẹ́ ènìyàn burúkú. Ohun tí ìwé fi hàn wọ́n ni wọ́n wò, ìwé náà sì ń wọn ọ̀nà jíjìn fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ gíga. Bí a bá fi ọ̀pá wọn epo, ṣé a ó mọ iye ìgò tí yóò kún? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, nígbà tí ẹ bá ń wá orúkọ fún ohun àjèjì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni tí ń ṣe é ń lé. Òkè ni Ray Guy ń lé.