Ìda Tó Ń Gba Ohun Ẹlẹgẹ́ Lọ́wọ́ Fífọ́

Lọ́dún 2013, ère kékeré kan láti ilẹ̀ Íjíbítì di ìyanu ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú àpótí onígíláàsì tí wọ́n tì pa ló wà, síbẹ̀ ó ń yí díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kọ ẹ̀yìn sí àwọn òǹwòran. Àwọn kan ní iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí ni. Nígbà tí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì àti ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló ń mi pẹpẹ, ìdí ère náà kò sì tẹ́jú.

Ère òkúta nìyẹn. Bó bá jẹ́ àwo tánganran ló rìn dé etí pẹpẹ ńkọ́? Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun ẹlẹgẹ́ rí. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi ń lo ìda láti mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró, pàápàá ní California, níbi tí ìmìtìtì ilẹ̀ ti ṣọṣẹ́ lọ́dún 1989 àti 1994.

Ìda yìí yàtọ̀ sí ti oyin àti ti àbẹ́là. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó rọ̀, ó sì ń lẹ̀ ju ti àbẹ́là lọ.

Wọ́n á kọ́kọ́ nu ìdí ohun ọ̀ṣọ́ náà àti orí pẹpẹ. Wọ́n á fi ìka pò ìda díẹ̀ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á ṣù ú bí hóró ẹ̀wà, wọ́n á sì lẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n á sì yí i díẹ̀ kó lè dì mú.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e kúrò, wọn kì í fà á sókè. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń dì mú, tí wọ́n á yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá kọ̀, wọ́n á fi okùn ìpẹja tẹ́ẹ́rẹ́ gé ìda náà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló gba ìda. Ohun tó bá ń fa omi mu, bí igi tí a kò kùn tàbí amọ̀ sísun, yóò fa ọ̀rá ìda náà wọra, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ìda kan ara ère amọ̀ àtayébáyé bí irú èyí tí wọ́n wú jáde ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó wúwo tàbí tó ga gan-an nílò irin tí yóò gbé e ró. Èyí tó ti sán tẹ́lẹ̀ lè dá níbi tó sán nígbà tí wọ́n bá ń yí i. Oòrùn tó ń ràn wọlé láti ojú fèrèsé náà lè mú kí ìda rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ.

Gọ́ọ̀mù lè lágbára ju ìda lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lẹ àwo mọ́ pẹpẹ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lè fọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbé e. Ìda ń di nǹkan mú, ó sì ṣeé tú. Ohun tí àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń wá nìyẹn.