FEniCS

FEniCS jẹ́ àkójọpọ̀ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a fi ń wá ojútùú onínọ́ńbà fún àwọn ìdọ́gba tí a mọ̀ sí partial differential equations. Irú ìdọ́gba wọ̀nyí ni a fi ń ṣàpèjúwe bí ooru ṣe ń tàn nínú irin, bí omi ṣe ń ṣàn, àti bí afárá ṣe ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Díẹ̀ nínú wọn ni a lè fi gègé àti ìwé yanjú. Ìyókù nílò kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà finite element ni FEniCS ń lò: a pín agbègbè tí ìdọ́gba wà fún sí ẹyọ kéékèèké, bí onígun mẹ́ta, tí wọ́n so kọ́ra bí àwọ̀n.

Ìtàn

Iṣẹ́ lórí FEniCS bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 gẹ́gẹ́ bí àjọṣe láàárín Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Chalmers ní Swídìn. Àwọn mìíràn dara pọ̀ lẹ́yìn náà, lára wọn ni ilé-ìwádìí Simula ní Nọ́wè àti Yunifásítì Cambridge. Ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀, èyí tí Anders Logg, Kent-Andre Mardal àti Garth Wells ṣe olóòtú, jáde ní ọdún 2012.

Ìdí tí a fi pín in sí ẹ̀yà

Bí a bá da ìdọ́gba, àwọ̀n àti ìṣirò pọ̀ sínú ètò kan ṣoṣo, a kò lè yí ọ̀kan padà láìfọwọ́kan ìyókù. Àṣìṣe tó bá wọlé kì í sábà dá ètò náà dúró. Nọ́ńbà tó jọ òótọ́ ni yóò mú jáde. Nítorí náà ni FEniCS ṣe fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀:

• UFL ni èdè tí a fi ń kọ ìdọ́gba sílẹ̀.
• FIAT ń ṣẹ̀dá àwọn fọ́ńkíṣọ̀n tí a ń lò lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀n.
• FFC ni kọ̀ǹpáìlà tó ń sọ ohun tí a fi UFL kọ di kóòdù C++.
• DOLFIN ń tọ́jú àwọ̀n, ó sì ń kó èsì gbogbo ẹyọ jọ sínú mátíríìsì.

Yíyanjú mátíríìsì náà fúnra rẹ̀ ni a lè gbé fún sọ́fítíwíà mìíràn bíi PETSc, tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà.

Àpẹẹrẹ

a = inner(grad(u), grad(v))*dx
L = f*v*dx

Ìlà méjì yìí dúró fún ìdọ́gba Poisson, èyí tó lè sọ bí irin pẹlẹbẹ ṣe gbóná tó níbi kọ̀ọ̀kan nígbà tí ooru rẹ̀ kò yí padà mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀n tàbí mátíríìsì nínú wọn. Bí a bá fi àwọ̀n mìíràn rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, àwọn ìlà náà kò yí padà.

Àǹfààní àti ìnira

Firedrake, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Imperial College London, ń lo UFL pẹ̀lú kọ̀ǹpáìlà tirẹ̀. Nínú FEniCSx, ẹ̀dà tuntun, Basix gba ipò FIAT, FFCx gba ipò FFC, DOLFINx sì gba ipò DOLFIN, ṣùgbọ́n UFL dúró. Ìnira rẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà gbọ́dọ̀ bára mu ní ẹ̀dà, àti pé ètò tí a kọ fún FEniCS àtijọ́ nílò àtúnkọ kí ó tó ṣiṣẹ́ lórí FEniCSx. Bákan náà, bí oníṣẹ́ bá kọ ìdọ́gba tí kò tọ̀nà, FEniCS yóò yanjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ dán ètò wò lórí ìdọ́gba tí a ti mọ ojútùú rẹ̀.