Ise: Ojúbọ tí Wọ́n ń Tún Kọ́ ní Ogoogún Ọdún

Ní ìlú Ise, ní ìpínlẹ̀ Mie lórílẹ̀-èdè Jàpáánì, ilẹ̀ méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú igbó. Ilé òrìṣà wà lórí ọ̀kan. Èkejì ṣófo, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i, àfi ahéré kékeré kan tó dá dúró láàárín. Bí ogún ọdún bá pé, wọ́n á kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ tó ṣófo yẹn, wọ́n á gbé òrìṣà lọ síbẹ̀, wọ́n á sì tú ilé àná palẹ̀. Láti ọdún 690 ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Amaterasu, òrìṣà oòrùn, ló ni ilé yìí. Òun ni ìdílé ọba Jàpáánì kà sí ìyá ńlá wọn. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí ó ń rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sílé ayé, ó gbé dígí kan lé e lọ́wọ́, pé kí ó máa wò ó bí ẹni ń wo òun gan-an. Dígí yẹn ni wọ́n ń bọ ní Ise, ará ìlú kì í sì í fojú kàn án. Ìwé ìtàn Nihon Shoki, tí wọ́n kọ parí ní 720, sọ bí ó ṣe débẹ̀: Yamatohime, ọmọbìnrin ọba Suinin, ló gbé òrìṣà náà kiri láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀dó sí, títí òrìṣà fi sọ fún un pé Ise wu òun. Etí odò Isuzu ni wọ́n gbà dúró. Títí dòní, àwọn tó wá júbà ṣì ń bọ́ sẹ́bàá odò náà láti fọ ọwọ́ wọn.

Ojúbọ kejì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 6 síbẹ̀. Toyouke, òrìṣà oúnjẹ, ni tirẹ̀, nítorí wọ́n ní Amaterasu fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá a wá kí ó máa bá òun wá oúnjẹ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni àwọn àwòrò ń gbé oúnjẹ síwájú òrìṣà níbẹ̀: ìrẹsì, iyọ̀, omi, ẹja, ewé òkun, ewébẹ̀, èso àti ọtí ìrẹsì. Wọn kì í fi ìṣáná dá iná tí wọ́n fi ń sè é. Igi ni wọ́n ń yí lórí igi títí iná yóò fi ràn. Bí a bá ka gbogbo ojúbọ kéékèèké tó wà lábẹ́ Ise pọ̀ mọ́ méjì yìí, wọ́n jẹ́ 125.

Ọba Tenmu ló gbèrò àtúnkọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti wàjà kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Jitō, tó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ló mú un ṣẹ. Ilé náà fúnra rẹ̀ ń béèrè àtúnkọ́. Igi hinoki ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọn kò kùn ún ní ọ̀dà. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ri àwọn òpó rẹ̀ sí láìsí òkúta lábẹ́, koríko kaya, tó jọ bẹẹrẹ tí àwọn baba wa fi ń bo ilé, ni wọ́n sì fi ṣe òrùlé. Òjò àti ọ̀rinrin ilẹ̀ kò ní jẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n èrò kan tún wà tó wọ̀ mí lọ́kàn ju ti òpó tó ń jẹrà lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó bá ti lé ní ogún ọdún nígbà tó kọ́kọ́ bá wọn kọ́ ọ, ọmọṣẹ́ ni. Bí ó bá tún yí po, ó ti lé ní ogójì, ó ti di ọ̀gá. Ní ìgbà kẹta, àgbà tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ ni. Ojú iṣẹ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń hun aṣọ òrìṣà, tó ń rọ idà rẹ̀, tó ń ṣe gbogbo ohun èlò rẹ̀: oríṣi 714, tí iye wọn jẹ́ 1,576, ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀tun.

Igi tí wọ́n ń gé fún iṣẹ́ náà lé ní 10,000. Nígbà tí igbó tó wà nítòsí kò lè gbé e mọ́, òkè Kiso ni wọ́n yíjú sí. Ní 1923, wọ́n là á sílẹ̀ pé àwọn yóò máa gbin igi sí igbó Ise, ètò igba ọdún. Ẹni tó gbin igi ní ọdún yẹn mọ̀ pé ọmọ-ọmọ òun pàápàá lè má rí i gé. Ní 2013, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọ̀rúndún méje, apá kan nínú igi tí wọ́n lò ti inú igbó Ise fúnra rẹ̀ wá.

Àṣà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parun nígbà kan. Ogun abẹ́lé gba gbogbo Jàpáánì kan, owó tán lọ́wọ́ ọba, ilé àwọn òrìṣà méjèèjì sì gbó mọ́ ojú kan fún ohun tó lé ní 120 ọdún. Àwọn obìnrin ló gbà á là, àwọn tó ti fi ìgbádùn ayé sílẹ̀ fún ẹ̀sìn Búdà. Seijun, ọ̀kan nínú wọn, ń rìn láti agbègbè dé agbègbè, ó ń tọrọ owó, títí wọ́n fi tún ilé Toyouke kọ́ ní 1563. Shūyō gba ipò rẹ̀. Òun ló mú kí àwọn jagunjagun ńlá, Oda Nobunaga àti Toyotomi Hideyoshi, ná owó sí i, tí wọ́n fi tún ti àwọn òrìṣà méjèèjì kọ́ ní 1585. Ẹlẹ́sìn Búdà ló tọrọ owó fún òrìṣà oòrùn. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ àwọn obìnrin yìí kí wọ́n tó dárúkọ àwọn jagunjagun.

Nígbà tí àlàáfíà dé, gbogbo ayé wá kọrí sí Ise. Ní 1650, 1705, 1771 àti 1830, èrò tó rọ́ lọ kò ṣeé kà. Ti 1705 nìkan, Motoori Norinaga kọ ọ́ pé àwọn tó kọjá láàárín 50 ọjọ́ lé ní mílíọ̀nù 3. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére fún ọ̀gá wọn, àwọn ọmọdé jáde nílé láìsọ fún òbí. Igi ìbumi kan ni wọ́n ń mú dání, ẹni tó bá rí i mọ̀ pé Ise ni wọ́n ń lọ, á sì bu oúnjẹ fún wọn tàbí kó ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà láti rìn a máa rán ajá rẹ̀ lọ, pẹ̀lú owó lọ́rùn rẹ̀, àwọn tó bá pàdé ajá náà lọ́nà á sì máa bọ́ ọ títí yóò fi débẹ̀ tí yóò sì padà sílé.

Àtúnkọ́ tó yẹ kó wáyé ní 1949 kò ṣeé ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ìjọba kò sì lè náwó sí ẹ̀sìn mọ́. Afárá Uji, tí wọ́n ń gbà wọ ojúbọ Amaterasu, ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe ní ọdún yẹn. Ìgbà tí ará ìlú dáwó ni ilé tó dìde, ní 1953.

Àtúnkọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejìlélọ́gọ́ta wáyé ní 2013. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, wọ́n pa gbogbo iná. Àwòrò kan kọ bí àkùkọ lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bo òrìṣà yí ká bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé tuntun nínú òkùnkùn.

Igi ilé àtijọ́ kì í ṣòfò. Àwọn òpó ńlá tó gbé òrùlé dúró ni wọ́n ń gbẹ́ di ẹnu ọ̀nà ní ìkángun méjèèjì afárá Uji, níbi tí wọn yóò ti lo ogún ọdún mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún lọ dúró ní Kuwana àti Seki, lójú ọ̀nà àwọn arìnrìnàjò ìgbà àtijọ́. Àwọn igi yòókù ń lọ sí ojúbọ káàkiri, títí kan àwọn tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun bàjẹ́ ní 2011.

Ètò àtúnkọ́ ti 2033 ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2025, àwọn agégi wọ aṣọ funfun gun òkè Kiso lọ. Àáké ni wọ́n fi gé igi tó ti pé bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, wọ́n dá ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀ títí ó fi wó. Lẹ́yìn náà, wọ́n já ẹ̀ka téńté orí rẹ̀, wọ́n fi gún kùkùté tó kù, wọ́n sì tẹrí ba fún òrìṣà òkè.