Ta Ló Ń Yan Ta?

Lọ́dún 1955 tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, dábàá ọ̀nà mìíràn: kí ìjọba sanwó, kí òbí fúnra rẹ̀ yan ilé-ìwé tí owó náà yóò lọ, ìbáà jẹ́ ti aládàáni. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ṣòfin rẹ̀ fún ìlú Milwaukee ní 1990, ìjà kò sì tíì tán. Àwọn kan ní ọmọ tálákà náà gbọ́dọ̀ ríbi sá sí. Àwọn kan ní owó tó bá ọmọ jáde ń sọ ilé-ìwé ìjọba di ahoro. Àwọn èèyàn wa tó ń tọ́mọ lọ́hùn-ún wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jà á ní Yorùbá ńkọ́, ọ̀rọ̀ wo ni wọn yóò lò?

Ẹ jẹ́ ká mú fáúṣà, ìyẹn owó ìjọba tí òbí ń darí sí ilé-ìwé tó yàn. "Ìwé owó" kò dára, ó dà bí ẹni pé òbí lè ná an lọ́jà. "Ìwé-àṣẹ owó-ẹ̀kọ́" ni mo fara mọ́. Ètò ti Arizona, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní 2022, yàtọ̀: òbí lè fi ra ìwé, ó lè fi gba olùkọ́ wá sílé. "Àpò ẹ̀kọ́" nìyẹn.

Ṣátà, irú ilé-ìwé mìíràn tí òbí lè yàn, kò le. Owó ìjọba ló ń gbé e ró, kò gbọdọ̀ gba owó ilé-ìwé, àwọn mìíràn ló ń darí rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tí ìjọba lè fagi lé. Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀, ní 1991. "Ilé-ìwé àdéhùn", ó parí. Bí ọmọ bá pọ̀ ju àyè lọ, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

"Ilé-ìwé ìjọba" náà kò burú, àmọ́ gómìnà tàbí Àbújá ni ìjọba létí wa. Lọ́hùn-ún, owó-orí ilé tí ará àdúgbò ń san wà lára ohun tó ń bọ́ ilé-ìwé. Àdúgbò tí ilé rẹ̀ wọ́n ń rí owó kó jọ ju ti tálákà lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní mọ ohun tí òbí ń sá fún.

Orúkọ ìjà náà gan-an ló le jù. Bí a bá pè é ní "ẹ̀tọ́ yíyan ilé-ìwé", a ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ta ni yóò lòdì sí ẹ̀tọ́? "Yíyan ilé-ìwé" lásán ló tọ́, àmọ́ kò sọ ẹni tó ń yàn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ilé-ìwé aládàáni tó ń gba owó ìjọba yìí ṣì lè kọ ọmọ tí kò bá wù ú. Ẹ̀yin tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ jáde: òbí ló yàn ni, àbí ilé-ìwé? Ẹ sì dárúkọ ẹni tó sanwó.