Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò: Ìtàn àwọn onígìtá búlúùsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jókòó tí a ń gbọ́ àwo orin ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Robert Johnson. Nígbà tí orin náà parí, ọ̀rẹ́ mi mi orí, ó ní, "Èyí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn lásán. Sàtánì ni ó kọ́ ọ." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí ayé ti ń sọ ọ́ kiri. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn onígìtá búlúùsì sílẹ̀, láti orí àwọn àgbà tí ó ti lọ títí dé orí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ta á lónìí, kí ẹ̀yin òǹkàwé lè fi ojú ara yín rí ẹni tí ó kọ́ wọn.

Ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, láàrin odò Mississippi àti odò Yazoo, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Délítà. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, òwú sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà ní 1865, ṣùgbọ́n ìyà kò tán lára àwọn ènìyàn dúdú tí ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń ro. Onílẹ̀ ni ó ń yá wọn ní irúgbìn, oúnjẹ àti aṣọ. Nígbà tí wọ́n bá sì ká òwú tán, onílẹ̀ kan náà ni yóò ṣírò owó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àgbẹ̀ a máa fi odidi ọdún kan ṣiṣẹ́, tí yóò sì ru gbèsè lọ sílé. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀ràn ìwọ̀fà ní ilẹ̀ wa láyé àtijọ́ yóò tètè mọ irú àjàgà tí èyí jẹ́. Ìwọ̀fà tilẹ̀ mọ iye owó tí ó wà lọ́rùn òun.

Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni orin búlúùsì ti jáde. Olórin a kọ ìlà kan, a tún un kọ, ìlà kẹta a sì dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, àyè a ṣí sílẹ̀ díẹ̀, gìtá ni yóò sì dí i. Bí a bá sọ ọ́ lọ́nà tiwa, olórin ń dá, gìtá ń gbè. Onígìtá a máa fa okùn, tàbí kí ó fi ọ̀bẹ tàbí ọrùn ìgò yọ̀ lórí rẹ̀, tí ohùn yóò fi máa gòkè, tí yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí onídùndún bá ń fún ọṣán ìlù rẹ̀. W. C. Handy, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ irú orin yìí sínú ìwé, sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1941 pé, ní nǹkan bí 1903, òun sùn lọ níbi tí òun ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Tutwiler. Nígbà tí ó jí, ó bá ọkùnrin dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti gbó, ó ń fi ọ̀bẹ ta gìtá. Handy kò mọ orúkọ ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹni àkọ́kọ́ tí a gbọ́ nípa rẹ̀ kò ní orúkọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé láti ilẹ̀ wa ni orin náà ti lọ? Kí a má ṣe fi ìwàǹwára sọ pé tiwa ni. Gerhard Kubik, ẹni tí ó kọ ìwé lórí Áfíríkà àti búlúùsì ní 1999, fi hàn pé ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà lókè, láti ìhà Mali títí dé ilẹ̀ Hausa, ni a ti rí àwọn ohùn tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Ali Farka Touré, ọmọ Mali, máa ń sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ àwo orin John Lee Hooker, orin ilẹ̀ òun ni òun pè é. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá ni ti gòjé àti mólò, tí ó ti ọwọ́ àwọn Hausa dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn onísákárà sì sọ di ohun èlò Yorùbá. Ìbátan àwọn ohun èlò olókùn ilẹ̀ ọ̀dàn náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Délítà. Ní oko ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Dockery, tí a dá sílẹ̀ ní 1895, ni Charley Patton gbé dàgbà. Patton a máa ta gìtá sẹ́yìn orí, a máa tì í sáàrin eékún, ohùn rẹ̀ sì le koko. Ní 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ gba orin rẹ̀ sínú àwo. Ní 1934 ni ó kú. Ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó ti kọ́ ènìyàn. Howlin' Wolf, tí ó di òkìkí lẹ́yìn náà ní Chicago, sọ pé ọ̀dọ̀ Patton ni òun ti kọ́ gìtá. Son House, tí ó ti jẹ́ oníwàásù rí, bá Patton rìn, ó sì bá Willie Brown rìn. Ọmọdékùnrin kan sì wà tí ó máa ń tọ Son House àti Willie Brown lẹ́yìn káàkiri òde àríyá. Robert Johnson ni ọmọ náà.

Son House sọ pé ọmọ yìí mọ hamóníkà fọn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé gìtá, ariwo lásán ni. Àwọn tí ó wá jó a máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kúrò ládùúgbò. Nígbà tí ó ṣe, ó padà dé, ó jókòó, ó ta gìtá, ẹnu sì ya gbogbo wọn. Inú èyí ni ìtàn ti hù. Wọ́n ní ó lọ sí oríta lóru, ó ta ọkàn rẹ̀ fún Sàtánì, Sàtánì sì bá a tún okùn gìtá rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni LeDell Johnson ti sọ irú ìtàn kan náà nípa arákùnrin tirẹ̀, Tommy Johnson, tí kò bá Robert tan rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé ìrántí Èṣù àti Lẹ́gbà, àwọn tí oríta jẹ́ ilé wọn, ni ó wà nídìí ìtàn náà, tí àwọn oníwàásù wá sọ di Sàtánì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀, ẹbọ ni ó ń gbà, kì í ra ọkàn ènìyàn.

Kí wá ni Robert ṣe ní tòótọ́? Ó padà sí ìhà Hazlehurst, níbi tí wọ́n bí i sí ní 1911, ó sì rí ọ̀gá kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ike Zimmerman. Àwọn ẹbí Zimmerman sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀dọ̀ wọn ni Robert gbé nígbà tí ó ń kọ́ gìtá, àti pé òun àti ọ̀gá rẹ̀ a máa lọ sí itẹ́ òkú lóru láti ta á, nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, wọn kò sì ní di ẹnikẹ́ni lójú oorun. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tí ó bá kọjá, tí ó sì gbọ́ gìtá láti inú itẹ́ òkú ní ọ̀gànjọ́, kí ni kò ní sọ?

Ohun tí ó dùn mí nínú ìtàn oríta náà nìyí. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ọmọ oko òwú fi òru rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ayé sì gbé ìyìn rẹ̀ fún Sàtánì, wọn kò sì dárúkọ ọ̀gá náà rárá. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ tí ó jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣé nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ Robert kò ní òrùlé ni?

Orin 29 ni ó kọ sínú àwo, ní San Antonio ní oṣù kọkànlá 1936 àti ní Dallas ní oṣù kẹfà 1937. Ó kú nítòsí Greenwood ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 1938, ọmọ ọdún 27. Ní òpin ọdún yẹn gan-an ni John Hammond ń wá a kiri pé kí ó wá ṣeré ní Carnegie Hall ní New York. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, Hammond gbé àwo rẹ̀ lé ẹ̀rọ lórí pèpéle, kí àwọn èrò lè gbọ́ ohùn ẹni tí kò lè wá mọ́.

Ìdílé kejì ti Texas wá. Blind Lemon Jefferson, afọ́jú tí ó ń ta gìtá kiri ìgboro Dallas, gba òkìkí láti 1926 tí àwo rẹ̀ ti jáde, títí tí ó fi kú ní 1929. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé tí ó fà á lọ́wọ́ kiri ìgboro ni T-Bone Walker. Ọmọ yìí dàgbà, ó gbé gìtá tí ń lo iná mànàmáná, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí gbogbo agbo sì gbọ́. Orin rẹ̀ tí ó jáde ní 1947, tí ó kọ nípa ọjọ́ Ajé, ni ó mú kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Riley King sọ pé òun náà gbọ́dọ̀ ní irú gìtá bẹ́ẹ̀.

Riley King yìí ni ayé mọ̀ sí B. B. King. A bí i ní Mississippi ní 1925. Ó ká òwú, ó sì wa katakata. Ní 1946 ó lọ sí Memphis lọ́dọ̀ ìbátan ìyá rẹ̀, Bukka White, ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi irin yọ̀ lórí okùn gìtá. King gbìyànjú títí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á. Ó wá ń fi ìka lásán gbọn okùn náà kí ó lè dún bí ti ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni ó bí ohun tí a fi mọ̀ ọ́n. Ní 1949, ó ń ṣeré ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Twist ní Arkansas, nígbà tí ọkùnrin méjì jà, tí wọ́n dojú kẹrosíìnì tí ń jó dé, ilé sì gba iná. King sá jáde, ó rántí gìtá rẹ̀, ó sì padà wọ inú iná lọ gbé e. Lọ́jọ́ kejì ni ó gbọ́ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Lucille ni wọ́n ń jà lé lórí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń pe gbogbo gìtá rẹ̀ ní Lucille, kí ó má bàa tún hu irú ìwà òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1956 nìkan, òde 342 ni ó lọ. Ní 1974 ó dé Kinshasa, ó ta Lucille fún àwọn ará Áfíríkà. Ó kú ní 2015.

Kí obìnrin má ṣe rò pé wọ́n gbàgbé òun. Memphis Minnie, tí a bí ní 1897, lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin sá lórí gìtá. Big Bill Broonzy fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ pé Minnie borí òun nígbà tí àwọn méjèèjì figa gbága ní Chicago. Langston Hughes, gbajúmọ̀ akéwì, kọ̀wé yìn ín sínú ìwé ìròyìn Chicago Defender ní 1943, nígbà tí ó rí i tí ó ń fi gìtá oníná mi ilé ọtí tìtì.

Ní ọdún 1943 yìí kan náà ni Muddy Waters wọ ọkọ̀ ojú irin láti oko Stovall lọ sí Chicago. Ẹsẹ̀ Son House ni òun náà jókòó sí kọ́ ọ̀bẹ àti ìgò. Ariwo ilé ọtí Chicago ni ó mú un gbé gìtá oníná, nítorí pé ẹnì kan kò gbọ́ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ Louisiana kan tí ń jẹ́ Buddy Guy dé Chicago ní 1957, tí kò mọ ẹnì kan, tí ebi sì ń pa á, Muddy ni ó pè é sínú ọkọ̀, tí ó fún un ní búrẹ́dì àti ẹran. Buddy ni ó sọ ọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi wáyà nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ìyá rẹ̀ ṣe gìtá wá di àgbà láàrin wọn.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ó rí ẹni pè wọ́n. Mississippi John Hurt gba orin sínú àwo ní 1928. Àwọn àwo náà kò tà, ó sì padà sídìí oko àti màlúù ní abúlé Avalon. Ọdún 35 kọjá. Ní 1963, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tom Hoskins gbọ́ orúkọ Avalon nínú ọ̀kan nínú àwọn orin àtijọ́ náà, ó wá orúkọ náà lórí àwòrán ilẹ̀, ó wakọ̀ lọ síbẹ̀, ó sì bá bàbá náà láàyè, ẹni nǹkan bí 70 ọdún. Lọ́dún kan náà ni bàbá ta gìtá níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Newport. Ní 1966 ó kú. Ọdún mẹ́ta péré ni ayé fi jẹ adùn rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti fi 35 ọdún da màlúù.

Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní ọmọ? Ó ní. Ní Clarksdale, ní ilẹ̀ Délítà gan-an, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1979, níbi tí ahéré Muddy Waters wà. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní búlúùsì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Christone Ingram, tí wọ́n ń pè ní Kingfish, tí a bí ní 1999, ti kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ Bill Perry àti Richard Crisman. Ní 2014 ó ta gìtá ní ilé ààrẹ Amẹ́ríkà; ní 2019 àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Buddy Guy sì bá a kọrin nínú rẹ̀; ní 2022 ó gba ẹ̀bùn Grammy. Jontavious Willis, ọmọ Georgia tí a bí ní 1996, náà wà. Gìtá onígi bíi ti àwọn àgbà ni ó gbé dání. Ẹ ka okùn náà wò: láti ọwọ́ Patton dé ọwọ́ Son House, dé ọwọ́ Muddy, dé ọwọ́ Buddy, dé ọwọ́ Kingfish. Kò sí oríta kan láàrin wọn tí ọ̀gá kò dúró sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, a bá àrọ́bá; àrọ́bá ni baba ìtàn. Àwọn onígòjé àti onímólò wà ní ìlú wa tí Avalon tiwọn kò tíì sí lórí àwòrán ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ bá lọ fún ìsinmi, ẹ yà kí wọn. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn, kí ó má bàa rí bí ti ọkùnrin Tutwiler. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Baba, ta ni ó kọ́ yín?"