Ìlà Kan Ṣoṣo Tó Sọnù

Ní ọdún 1986, mo bá ọkùnrin kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì fídíò jà ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn. Mo ti ra fíìmù òyìnbó kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, mo sì ti wò ó tán. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i tó so ẹ̀rọ fídíò méjì pọ̀ mọ́ra, tó ń da fíìmù yẹn kan náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Inú bí mi. Mo ní, "Bùrọ̀dá, olè lẹ̀ ń jà yìí o!" Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Olè kẹ̀? Ta ni mo jà lólè? Ọ̀gá, ẹ fi orúkọ olóhun hàn mí lára rẹ̀." Mo gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. Orúkọ fíìmù wà níbẹ̀, àwòrán kan tí kò ríran wà níbẹ̀. Orúkọ olóhun kò sí.

Kí ẹ tó béèrè pé ta ló fi mí ṣe ọlọ́pàá ọjà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Onísákárà ni bàbá mi. Àwo kan ṣoṣo ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láyé wọn. Nígbà tí àwo náà jáde, orúkọ ẹni tó sanwó ló wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Orúkọ bàbá mi, tó dá orin náà sílẹ̀, tó sì fẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́, kò sí níbẹ̀ rárá. Títí ó fi kú, bó bá gbọ́ orin náà níbi ìnáwó, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìdí nìyẹn tí mo fi pariwo lé ọkùnrin Dùgbẹ̀ lórí.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó rí ìtàn fíìmù náà kà, ẹnu sì yà mí. Ọkùnrin yẹn kò mọ nǹkan kan nípa òfin, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe fíìmù yìí gan-an, kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò mú ẹni tó bá dà á kọ. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó fún yín.

Night of the Living Dead ni orúkọ fíìmù náà, èyí tó túmọ̀ sí alẹ́ àwọn òkú tó wà láàyè. Àwa Yorùbá mọ àkúdàáyà. Ẹni tó kú sí Ìbàdàn lè máa ta aṣọ ní Kánò, kó láya, kó bímọ, títí ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò ká a mọ́bẹ̀, tí yóò sì di àwátì. Àkúdàáyà kì í pa ẹnikẹ́ni jẹ. Òkú inú fíìmù yìí yàtọ̀. Wọ́n ń rìn tàgétàgé, wọn kì í sọ̀rọ̀, ẹran ara èèyàn sì ni oúnjẹ wọn. "Zombie" là ń pe irú wọn lónìí, orúkọ tí Fẹlá sọ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo wa nígbà tó gbé àwo rẹ̀ jáde lọ́dún 1976. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Èèyàn méje ló há sínú ilé oko kan. Wọ́n fi pákó àti ìṣó kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, wọ́n ń gbọ́ rédíò, wọ́n ń wo tẹlifíṣàn, wọ́n sì ń bá ara wọn jà. Ọ̀kan ní kí wọ́n dúró sókè, èkejì ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni kí wọ́n sá sí. Ibi tí ẹ̀rù wà gan-an nìyẹn. Òkú ń bẹ níta, ìjà ń bẹ nínú ilé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ta ló ṣe irú nǹkan báyìí? Kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti Hollywood. Ìlú Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni wọ́n ti ṣe é, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ irin rírọ. New York ni wọ́n ti bí George A. Romero lọ́dún 1940, ẹ̀kọ́ ló gbé e wá sí Pittsburgh. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bíi John Russo àti Russell Streiner, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ìpolówó ọjà fún tẹlifíṣàn: lónìí bíà, lọ́la nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ náà sú wọn, wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù tiwọn. Ni èèyàn mẹ́wàá bá kó ara wọn jọ, bí àwọn ará ọjà ṣe ń dá èésú, kálukú dá 600 dọ́là. Nítorí pé mẹ́wàá ni wọ́n, wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Image Ten. 6,000 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn tún fi tiwọn kún un, títí iṣẹ́ náà fi parí sí nǹkan bí 114,000 dọ́là. Lójú àwọn ará Hollywood, owó ata ni.

Ní ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, nítòsí Evans City, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Pittsburgh. Wọ́n rí ilé oko àtijọ́ kan tí wọ́n ti fẹ́ wó, wọ́n sì gbà á lò kí wọ́n tó wó o. Fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni wọ́n fi yà á, nítorí ìyẹn ni owó wọn ká. Àwọn tó dáwó náà ló tún ń ṣeré. Karl Hardman ṣe baálé ilé tí kì í gbọ́ràn, ọmọ bíbí inú rẹ̀, Kyra Schon, sì ṣe ọmọ rẹ̀ nínú eré. Marilyn Eastman ṣe ìyàwó rẹ̀, òun náà ló sì ń bá wọn kun ojú àwọn òkú. Streiner, tó ń bójú tó owó, ni wọ́n kọ́kọ́ pa ní ibojì. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí yẹn, omi ṣokoléètì ni. Nínú fíìmù tí kò ní àwọ̀, ta ni yóò mọ̀? Ìfun tí àwọn òkú ń jẹ, alápatà kan tó fowó sí iṣẹ́ náà ló gbé e wá. Ará àdúgbò sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú.

Ẹni tó bá mọ àwọn ẹgbẹ́ eléré alárìnjò wa láyé àtijọ́ kò ní yà á lẹ́nu. Obìnrin tó ń gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà lágogo méje, òun ni ayaba lórí ìtàgé lágogo mẹ́jọ. Bí iṣẹ́ tálákà ti ń rí nìyẹn níbi gbogbo.

Ọkùnrin tó kó ipa ńlá jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Ben, aláwọ̀ dúdú ni. Duane Jones ni orúkọ rẹ̀. Ìwé eré kò sọ pé dúdú ni Ben tàbí funfun. Wọ́n ní kí àwọn eléré wá gbìyànjú, Jones ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù, ni wọ́n bá mú un. Awakọ̀ akẹ́rù tó le lẹ́nu ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kí Ben jẹ́. Jones jẹ́ ọ̀mọ̀wé, kò fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Láyé ìgbà yẹn, ní Amẹ́ríkà, ẹ wo ọkùnrin dúdú tó ń pàṣẹ fún àwọn òyìnbó láàárín ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu ba àwọ̀ rẹ̀! Òun nìkan ló yè é di òwúrọ̀. Àwọn ọkùnrin oníbọn tó wá pa òkú dé, wọ́n rí i lójú fèrèsé, wọ́n rò pé òkú ni, wọ́n yìnbọn fún un lórí. Wọ́n wọ́ ọ síta, wọ́n gbé e sórí igi pẹ̀lú àwọn òkú yòókù, wọ́n dáná sun wọ́n. Fíìmù parí.

Romero fúnra rẹ̀ sọ pé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968, òun àti Streiner gbé fíìmù náà sínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ sí New York láti wá ẹni tí yóò gbé e jáde. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́ ọ nínú rédíò pé wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King. Ẹ fojú inú wò ó: òkú Ben ń bẹ lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, òkú King ń bẹ nínú rédíò. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún lè wo òpin fíìmù náà bí eré lásán.

Ilé iṣẹ́ Columbia kò gbà á, wọ́n ní kò ní àwọ̀. American International ní àwọn lè gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n yí òpin rẹ̀ padà, kí Ben má kùú. Owó ń bẹ níwájú wọn, gbèsè ń bẹ lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ wọ́n kọ̀. Èmi bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn. Nígbẹ̀yìn, ilé iṣẹ́ Walter Reade gbà á bó ṣe wà.

Ibí yìí ni àgbákò ti ṣẹlẹ̀. Night of the Flesh Eaters ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fíìmù náà. Fíìmù mìíràn ti wà tí orúkọ rẹ̀ fara jọ ọ́, nítorí náà wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ní iwájú fíìmù, níbi tí orúkọ àtijọ́ wà, ìlà kékeré kan wà tó ń sọ ẹni tó ni ín. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé e jáde gé orúkọ àtijọ́ kúrò, tí wọ́n fi tuntun rọ́pò, ìlà yẹn bá a lọ. Kò sẹ́ni tó rántí dá a padà. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1909 kò sì gba gbẹ̀rẹ́: iṣẹ́ tí o bá gbé jáde fún gbogbo èèyàn láìkọ ìlà náà sí i, o ti fi tọrẹ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1968, ọjọ́ tí Nàìjíríà pé ọdún mẹ́jọ tó gba òmìnira, tí ogun abẹ́lé ń jà nílé wa, wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní sinimá Fulton ní Pittsburgh. Lọ́jọ́ yẹn náà ló di ti gbogbo ayé.

Àwọn ọmọdé pàápàá wò ó. Òfin tó ń sọ fíìmù tó yẹ ọmọdé àti èyí tí kò yẹ wọ́n kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún náà. Roger Ebert, òǹkọ̀wé ìlú Chicago tó ń sọ̀rọ̀ lórí fíìmù, kọ ọ́ pé òun rí àwọn ọmọ tó ń sunkún nínú sinimá. Ariwo pọ̀. Ariwo yẹn ló ń pe èrò. Fíìmù náà pa owó rẹpẹtẹ, sinimá ń fi hàn lóru, ilé tẹlifíṣàn ń fi hàn, nígbà tí fídíò sì dé, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ méjì lè dà á kọ kó tà á. Bó ṣe dé Dùgbẹ̀ nìyẹn. Àwọn mẹ́wàá tó dáwó ń wò ó, wọn kò lè sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1978, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó fún ẹni tó bá gbàgbé irú ìlà bẹ́ẹ̀ láǹfààní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1989, kò pọn dandan mọ́ láti kọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n òfin tó dé lónìí kì í jí òkú àná. Ní ọdún 1990, wọ́n tún fíìmù náà ṣe ní aláwọ̀, Romero ló kọ ọ́, Tom Savini ló darí rẹ̀, kí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ní ọdún 1999, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà kọ fíìmù ti àkọ́kọ́ mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ wà títí láé. Jones ti kú lọ́dún 1988, Romero kú lọ́dún 2017.

Àwọn kan ń sọ pé oríire ni ìlà tó sọnù yẹn jẹ́, pé ká ní fíìmù náà ní olóhun ni, ì bá má rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ì bá má rí i wò. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ tó dá 600 dọ́là tirẹ̀. Ẹni tí kò dáko ló ń sọ pé kò burú bí ọ̀bọ bá jẹ àgbàdo.

Ohun tí mo rí nìyí. Ní ọjọ́ tí mo jà ní Dùgbẹ̀, ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo yẹ̀ wò. Ká ní mo rántí inú rẹ̀ ni, orúkọ wà níbẹ̀: Romero wà níbẹ̀, Russo wà níbẹ̀, Streiner, Hardman, Eastman, Duane Jones. Bí wọ́n ti ń da fíìmù náà kọ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń da orúkọ wọn kọ, títí orúkọ wọn fi dé gbogbo ibi tí iná mànàmáná dé. Owó lọ, orúkọ kò lọ. Fíìmù náà kò ní olóhun, ṣùgbọ́n ó ní bàbá. Orin bàbá mi ní olóhun, kò ní bàbá. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì? Mo ti mọ èyí tí mo lè fara dà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọrin, ẹ̀yin tó ń kọ̀wé, ẹ̀yin tó ń ya fíìmù, kí iṣẹ́ yín tó jáde nílé, ẹ tún iwájú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ padà lọ wo ohun tó gé kúrò. Ìṣẹ́jú kan péré ni yóò gbà.

Àwo bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti họ, ẹ̀rọ tó ń lù ú kò sì sí nílé mọ́. Mo mú bírò lọ́jọ́ kan, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i láàárín, lábẹ́ orúkọ ẹni tó sanwó.