Agbégilódò Inú Agolo Sadíìnì

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ kọjá, ẹ kò lè ṣàì mọ̀gbà tí ẹ dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ìlú onígẹdú ni, agbégilódò sì ni ọkọ̀ rẹ̀: lọ́rì arúgbó tí í ru igi ńláńlá láti inú igbó lọ sí sọ́míìlì, tí í ké ní gbogbo ọ̀nà bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọ̀rọ̀ lọ́rì yìí ni mo gbé dé lónìí. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi nìkan kọ́. Mo fẹ́ sọ ti kékeré tí àwọn ọmọdé ń fi agolo ṣe pẹ̀lú. Ní tèmi, kékeré yìí ló pa ìtàn èyí tó tóbi mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àgbà. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ìlú Luton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́rì tó ń jẹ́ Bedford. Oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TJ jáde ní 1958. Ṣùgbọ́n kì í ṣe odindi lọ́rì ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ṣaasí ni, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti táyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo gbáú. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ló ti ń di ọkọ̀. Káfíńtà á to igi líle sórí ṣaasí, á fi bóòtù dè é, á kan pákó sí ẹ̀gbẹ́, á to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀. Ọlọ́dà á wá kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Báyìí ni a ṣe bí bọ́lẹ̀kájà: èrò á kọjú síra wọn, orúnkún á máa gbá orúnkún, ìjà ò sì jìnnà.

Wàyí o, ẹ wo tọmọdé. Ní nǹkan bí 1988, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́, agolo sadíìnì ni a fi ń ṣe orí ọkọ̀. Ọ̀pá ògùrọ̀ tí a gé ni a fi ń kan ẹ̀yìn, ẹyọ ìgbálẹ̀ sì ni ìṣó wa. Fún táyà, a ó tẹ ẹnu agolo tòmátì kékeré mọ́ sílípáàsì tó ti gbó, a ó fi bíléèdì gé e yípo. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló so táyà méjì pọ̀. Igi ẹ̀gẹ́ ni gẹdú tí a ń dì sẹ́yìn. Bí ẹrù bá ti wúwo jù, iwájú á gbéra sókè. Òkúta ni a ń kó sínú sadíìnì kó lè balẹ̀. Bí sípóòkù bá wọ́ díẹ̀ péré, ọkọ̀ á máa ya sí kòtò. Ta ló kọ́ wa? Ojú wa ni.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà náà, ọmọdé wo àgbà ṣe é. Ní 1950, ní Santa Ana, ní California, wọ́n ṣí pápá kan fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan. Ìdá mẹ́rin máìlì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 402, ni eré ìje irú èyí sábà máa ń jẹ́. Ara ọkọ̀ Ford àlòkù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ míràn: bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe kan tiwọn. Nígbà tó di 1958, ilé iṣẹ́ AMT ń ta ọkọ̀ kékeré tí a ó tò fúnra wa, nínú páálí. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni 1 sí 25: lọ́rì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 kò ní gùn tó íǹṣì 10. Àwọn ọmọ á mú ẹ́ńjìnnì nínú páálí kan, wọ́n á mú táyà nínú òmíràn, wọ́n á pa wọ́n pọ̀. Ṣebí ohun kan náà ni? Ìyàtọ̀ kan ló wà: wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kan ọkọ̀ tiwọn sínú ìwé, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Àdàlù kò sì ṣàjèjì lọ́dọ̀ wa. Nínú eré *The Road* tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1965, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí jàǹbá ti bà jẹ́. Nígbà tí General Motors ta ilé iṣẹ́ lọ́rì Bedford ní 1987, agbégilódò wa kò kú. Mẹkáníìkì wá jíà láti ara ọkọ̀ kan, ẹ́ńjìnnì láti ara òmíràn. Wẹ́dà jó ṣaasí tó ti sán. Iṣẹ́ ń lọ.

Síbẹ̀, Bedford nìkan ni ìwé ọkọ̀ ń pè é. Kò síbi tí wọ́n kọ káfíńtà sí, bẹ́ẹ̀ ìdajì ọkọ̀ ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ọkọ̀ ọmọdé ló sọ òótọ́: iwájú, sadíìnì tó ti òkè òkun wá, ẹ̀yìn, ògùrọ̀ tó hù lẹ́bàá odò wa.

Àwọn káfíńtà wọ̀nyí ti darúgbó, ọ̀pọ̀ ti lọ. Bí fọ́tò lọ́rì bàbá yín bá wà nílé, ẹ béèrè ẹni tó kàn án lọ́wọ́ àgbà tó kù, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò náà.